Ewé Tó Sùn Nínú Omi: Ọ̀rọ̀ Lórí Àrùn Ewé Òdòdó Inú Ilé

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ẹ kú òjò. Àwọn tó pè mí síbí ní kí n wá sọ oògùn tí èèyàn lè fín sára òdòdó inú ilé nígbà tí ewé rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ní àpá, tó ń pọ́n, tó sì ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Màá dárúkọ oògùn kí n tó jókòó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ omi ni mo fẹ́ fi ṣíwájú, nítorí ẹni tó bá ti mọ ohun tí omi ń ṣe lójú ewé kò ní náwó púpọ̀ sórí oògùn.

Gbogbo wa la mọ pèrègún. Òun làwọn bàbá wa fi ń pààlà ilẹ̀, òun náà ló wà ní ọ̀pọ̀ ojúbọ. Òjò oṣù kẹfà á rọ̀ lé e lórí tọ̀sán-tòru, kò sì sí ẹni tó ń fín nǹkan kan sí i. Ewéko kan náà yìí, Dracaena fragrans lẹ́nu àwọn onímọ̀, ló wà nínú ìkòkò ní ọ́fíìsì ní Marina, ní pálọ̀ ní Bódìjà, àti létí fèrèsé àwọn èèyàn wa ní Peckham ní London. Èyí tí ìlà ìyeyè gba àárín ewé rẹ̀ kọjá, tí wọ́n ń tà ní owó gọbọi, pèrègún náà ni. Àwọn tó gbé òrìṣà dé Cuba àti Brazil kò gbàgbé orúkọ rẹ̀ títí di òní. Kí ló wá dé tí pèrègún tí òjò ń lù níta fi ń dán gbinrin, tí èyí tó wà lábẹ́ òrùlé, tí ẹ̀kán òjò kan kò bà, fi kún fún àpá?

Ẹ wo orí pèrègún dáadáa. Àwọn ewé tuntun máa ń ká jọ níbẹ̀, ihò kékeré kan sì wà láàárín wọn tí omi lè dúró sí. Níta, afẹ́fẹ́ á mì ín, oòrùn á yọ lé e, omi inú ihò náà á gbẹ. Nínú pálọ̀ ńkọ́? A ti fèrèsé, a fa kọ́tìnì, a da ife omi kan lé e lórí lálẹ́ kí a tó lọ sùn. Omi yẹn wà níbẹ̀ di àárọ̀. Àrùn kan wà tí fọ́ńgọ́ọ̀sì Fusarium ń fà, tó jẹ́ pé ewé tuntun inú ihò yẹn gan-an ló ń bá jà. Ewé náà á jáde wá tòun ti àpá rẹ̀, àpá tó pọ́n bí ilẹ̀, tí àwọ̀ ìyeyè yí ká. Ewé tó ti dàgbà, tó ti le, kì í sábà kó o. Àwọn ará ilé á wá máa sọ pé òùngbẹ ló ń gbẹ òdòdó náà láti orí wá, wọ́n á sì tún bu omi lé e.

Fọ́ńgọ́ọ̀sì tí mo dárúkọ yìí, ìran olú ni, ìran èbu tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́. Kò lè fi oòrùn ṣe oúnjẹ ara rẹ̀ bí ewéko ti ń ṣe, torí náà ara nǹkan mìíràn ló ti ń jẹun. Hóró tó fi ń bí sí i kéré débi tí ojú lásán kò lè rí i. Afẹ́fẹ́ ń gbé e kiri, omi tó ń ta láti ewé kan sí èkejì ń gbé e, ọwọ́ wa àti sísọ́ọ̀sì wa náà ń gbé e. Kò sí bí a ṣe lè lé e tán nínú ilé, kò sì yẹ kí a dá a láṣà. Ohun tó wà lágbára wa ni ibi tó bà sí. Hóró tó bà sórí ewé gbígbẹ kò rí nǹkan kan ṣe. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn gbọ́dọ̀ wà nínú omi fún wákàtí bíi mélòó kan kí wọ́n tó lè hù, kí wọ́n tó lè ti okùn tín-ín-rín wọn wọ inú ewé.

Fún àwọn kan, a mọ iye wákàtí náà. Fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń fi àpá dúdú sára ewé róòsì, Diplocarpon rosae, ń fẹ́ kí ewé tutù fún bíi wákàtí méje láìgbẹ. Ẹ fi wákàtí méje yìí sọ́kàn kí ẹ sì fi wo iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ẹni tó bu omi ní aago méje àárọ̀ tí omi sì ta sí ewé, ewé rẹ̀ ti gbẹ kí oòrùn tó dé àtàrí. Ẹni tó bu tirẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́ nínú yàrá tí kò ní afẹ́fẹ́, ilẹ̀ á mọ́ bá omi lójú ewé. Omi kan náà ni àwọn méjèèjì bù, òdòdó kan náà ni wọ́n ní.

Ohun tó wá ń da èèyàn lójú rú ni pé àpá kì í yọ lọ́jọ́ náà. Fọ́ńgọ́ọ̀sì á wà nínú ewé fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, á máa jẹun, kí àpá tó hàn síta. Nígbà tí a bá rí i, alẹ́ tó fà á ti kọjá lọ, kò sì sẹ́ni tó rántí rẹ̀ mọ́. A ó wá dẹ́bi fún ajílẹ̀ tí a fi sí i lánàá tàbí fún aládùúgbò tó wá wò ó.

Ọ̀kan wà tí òfin omi yìí kò mú: èbu funfun tó máa ń bo ojú ewé begonia, kalanchoe àti róòsì bí ìyẹ̀fun. Ìyẹn kò nílò omi lójú ewé rárá. Afẹ́fẹ́ tó tutù tó sì dúró sójú kan, òjìji àti òdòdó tó fún mọ́ra wọn ló ń bá a lára mu. Ìdí nìyẹn tó fi lè yọ nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró, tí èèyàn rò pé òun ti bọ́.

Kí ẹ tó gbé sísọ́ọ̀sì, ẹ rí i dájú pé fọ́ńgọ́ọ̀sì ni ẹ ń bá jà. Púpọ̀ nínú ewé tí wọ́n ń gbé wá bá mi, oòrùn ló jó o, tàbí omi ló pọ̀ jù nídìí rẹ̀. Ibi tí oòrùn jó máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí fèrèsé nìkan, á funfun tàbí kó gbẹ, kò sì ní tóbi sí i lọ́la. Ti pèrègún tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀: ẹ̀yà yẹn kórìíra èròjà fluoride tó máa ń wà nínú omi ẹ̀rọ àwọn ìlú kan, ṣóńṣó ewé rẹ̀ á gbẹ láìní àpá kankan láàárín. Omi òjò ni kí ẹ máa bù sí irú rẹ̀. Tí bakitéríà bá ni, àpá náà á rọ̀, á dà bíi pé òróró wà lára rẹ̀ tí ẹ bá gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, á sì máa rùn nígbà mìíràn. Oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì lásán kò ràn án. Gígé àti jíjù nù ló kù fún un. Dúdú kan tún wà tó máa ń bo ojú ewé, tí èèyàn lè fi aṣọ tútù nù kúrò. Fọ́ńgọ́ọ̀sì lòun náà, ṣùgbọ́n kò jẹ ewé. Omi dídùn tí àwọn kòkòrò kéékèèké bíi kòkòrò onírun funfun ń tú jáde ló ń jẹ. Ẹ yẹ abẹ́ ewé àti igun ẹ̀ka wò, ẹ pa kòkòrò náà, dúdú yẹn á tán fúnra rẹ̀.

Àpá fọ́ńgọ́ọ̀sì ní ìrísí tirẹ̀. Ó máa ń ṣe róbótó, àárín rẹ̀ á gbẹ, àwọ̀ ìyeyè á yí i ká, á sì máa gbòòrò lójoojúmọ́. Tí ẹ bá fi kámẹ́rà fóònù fa àárín rẹ̀ súnmọ́, ẹ lè rí àwọn ẹyọ dúdú kéékèèké: ibẹ̀ ni hóró rẹ̀ ti ń jáde. Lára dieffenbachia, òdòdó inú ilé kan tí ewé rẹ̀ gbòòrò, fọ́ńgọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Myrothecium máa ń to ẹyọ dúdú wọ̀nyẹn yí po bí òrùka lábẹ́ ewé, tí funfun díẹ̀ sì wà létí wọn. Ojú ọgbẹ́ ni ìyẹn sábà máa ń gbà wọlé, ibi tí ewé ti ya tàbí tó ti ṣẹ́. Tí iyèméjì bá ṣì kù, ohun tí wọ́n ń ṣe ní ilé ìwádìí kò kọjá agbára yín: ẹ gé ewé tó ní àpá, ẹ fi tíṣù tó rin díẹ̀ sínú náílọ̀n, ẹ fi ewé náà sí i, ẹ so ó, ẹ gbé e síbi tí oòrùn kò dé fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Tí fọ́ńgọ́ọ̀sì bá ni, èbu tàbí ẹyọ dúdú á hàn ketekete lójú àpá náà. Ẹ má ṣí i nítòsí àwọn òdòdó yòókù.

Níbo ni àrùn náà ti ń wọlé? Lọ́pọ̀ ìgbà, a fi owó wa rà á ni. Ẹ lọ wo àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì l'Ékòó. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún òdòdó nínú ọ̀rá dúdú ló fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn níbẹ̀, rọ́bà ni wọ́n sì fi ń ta omi sí gbogbo wọn lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ṣoṣo tó ní àpá ti tó. Torí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ yí ewé padà, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ àti ti ìsàlẹ̀ pátápátá. Tí ẹ bá gbé e délé, ẹ jẹ́ kó dá wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní yàrá mìíràn tàbí ní bàkónì. Ó máa ń ṣòro, mo mọ̀, torí ibi tó rẹwà sí lójú ẹni ni a fẹ́ gbé e sí lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ewé á ti yọ síta kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé.

Ó dáa, àpá ti wà lára tiyín. Ẹ kọ́kọ́ gbé e kúrò láàárín àwọn yòókù. Lẹ́yìn náà ni gígé. Ewé tí àpá pọ̀ lára rẹ̀, ẹ gé e láti ìdí. Èyí tó jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ nìkan ni àpá wà, ẹ gé e wọ ibi tó ṣì tutù díẹ̀. Ẹ má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta ewé rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan, ó nílò ìyókù láti fi jẹun. Ẹ fi sípírítì nu sísọ́ọ̀sì láàárín ewé kan sí èkejì, nítorí láìṣe bẹ́ẹ̀, àwa fúnra wa là ń gbé hóró náà lọ sára ewé tó mọ́. Ẹni tó bá ń gé dieffenbachia kó wọ ìbọ̀wọ́, oje rẹ̀ máa ń jó ara, ó sì léwu gidigidi lẹ́nu ọmọdé. Ewé tí ẹ gé àti èyí tó ti já bọ́ sórí iyẹ̀pẹ̀, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú náílọ̀n, ẹ so ó, ẹ jù ú nù. Mo ti rí ilé tí wọ́n ti ń fi ewé náà bo ìdí òdòdó kan náà, pé á jẹrà di ajílẹ̀. Ilé tuntun ni wọ́n kọ́ fún àrùn yẹn.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ àti omi ló kù. Ẹ fi àlàfo sáàárín ìkòkò kan sí èkejì kí ewé má fara kan ara wọn. Ẹ ṣí fèrèsé. Fáànù tó ń yí díẹ̀díẹ̀ nínú yàrá ń ṣe iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń ṣe níta. Tí iná bá lọ, fèrèsé ni ìrètí wa. Ìdí ni kí ẹ máa bu omi sí, láàárọ̀, nígbà tí iyẹ̀pẹ̀ òkè bá ti gbẹ. Àṣà fífi ìgò afínmi fọ́n omi sójú ewé, èyí tí wọ́n ń kọ́ ara wọn lórí fóònù, ẹ bá mi dá a dúró. Ọ̀rinrin tó ń mú wá kì í pẹ́ lọ, ewé tó rin ló ń fi sílẹ̀. Èèyàn tó wà ní Èkó lásìkò òjò, kí ló tún ń wá ọ̀rinrin kiri fún? Tí eruku bá bo ewé, aṣọ tó rin díẹ̀ ni kí ẹ fi nù ún láàárọ̀. Ọ̀pọ̀ òdòdó tí àpá kò tíì pọ̀ lára rẹ̀, ibi tí ìtọ́jú rẹ̀ parí sí nìyí: ewé tuntun á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láìní àbàwọ́n.

Tí kò bá parí síbẹ̀, a wá kan oògùn. Ìtàn kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń fín nǹkan sára ewé mọ̀. Ní agbègbè Médoc, lẹ́bàá ìlú Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé, àwọn tó ní oko àjàrà ń fi iyọ̀ bàbà aláwọ̀ búlúù pọ̀ mọ́ ẹfun sínú omi, wọ́n ń ta á sára àjàrà tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, kí ó lè dà bíi májèlé lójú àwọn tó ń kọjá tó ń já a jẹ. Àsìkò náà ni àrùn ewé ń run oko àjàrà káàkiri. Ní 1882, onímọ̀ ewéko kan tó ń jẹ́ Pierre-Marie-Alexis Millardet ń kọjá lọ, ó sì ṣàkíyèsí pé àjàrà ẹ̀bá ọ̀nà nìkan ni ewé rẹ̀ ṣì wà lórí. Ó gbé e yẹ̀ wò, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1885. Omi búlúù yẹn ni ayé ń pè ní oògùn Bordeaux. Àwọn bàbá wa tó ń gbin kòkó ní Oǹdó, ní Ifẹ̀ àti ní Iléṣà mọ̀ ọ́n dáadáa, òun ni wọ́n ń pò sínú àgbá tí wọ́n ń fín sí èso kòkó nígbà tí àrùn tó ń sọ èso di dúdú bá dé tòun ti òjò.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ kòkó bóyá èso tó ti dúdú rí ìwòsàn rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń ká èyí tó ti bà jẹ́ kúrò, wọ́n á gé ẹ̀ka tó ṣíji bolẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, wọ́n á sì fín èyí tó ṣì dára. Iṣẹ́ tí oògùn bàbà ń ṣe nìyẹn títí di òní: ó ń wà lójú ewé tó mọ́, ó ń pa hóró kí ó tó wọlé. Àpá tó ti wà kò ní parẹ́ láéláé. Ẹni tó fín oògùn lónìí tó sì ń retí kí àpá pòórá lọ́la á sọ pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ewé tó ń bọ̀ ni kí ẹ máa wò.

Oògùn bàbà ni mo fara mọ́ jù fún àpá ewé. Ẹ fín in níta, lójú àti lábẹ́ ewé, ní àárọ̀ kùtù tí oòrùn kò tíì mú, kí ó sì gbẹ kí ẹ tó gbé òdòdó wọlé. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí ni kí ẹ tẹ̀ lé ní ti ìwọ̀n àti iye ọjọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ní kí á tún un fín lẹ́yìn ọjọ́ méje sí mẹ́rìnlá. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀. Oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì mìíràn tó ń jẹ́ Mancozeb wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù oògùn àgbẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù pinnu ní 2020 pé àwọn kò ní tún àṣẹ rẹ̀ ṣe mọ́, nítorí ewu rẹ̀ fún ara èèyàn. Lójú tèmi, kò sí òdòdó pálọ̀ tó tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ gbé e wọ ilé tí ọmọ ti ń rákò. Ohun mìíràn tí mo fẹ́ bẹ̀ yín gidigidi: oògùn tó bá ṣẹ́kù, ẹ má ṣe rọ ọ́ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tàbí ìgò omi. Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ kò mọ̀ pé oògùn ni.

Àwọn èlò ilé ńkọ́? Fún èbu funfun nìkan, wọ́n wúlò. Sóódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì, ṣíbí ìmutíì kan tí kò kún sínú omi lítà kan, pẹ̀lú ẹ̀kán ọṣẹ olómi díẹ̀, ń dín in kù. Tó bá pọ̀ jù, iyọ̀ inú rẹ̀ á jó ewé, torí náà ẹ dán an wò lára ewé kan ná. Mílíìkì náà ń ṣiṣẹ́. Ní 1999, Wagner Bettiol, onímọ̀ kan ní Brazil, tẹ ìwádìí jáde lórí mílíìkì màlúù tó fín sára ìran elégédé kan tí èbu funfun ń bá jà; ìdá kan mílíìkì sí mẹ́sàn-án omi ti tó láti dá a dúró. Ṣùgbọ́n nínú yàrá, ó máa ń rùn. Òróró inú èso dóńgóyárò dára, ó tún ń lé kòkòrò. Omi ewé rẹ̀ tí a sè kì í ṣe ohun kan náà. Kẹrosíìnì àti ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun, ẹ má dán an wò. Ewé ni wọ́n ń pa.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ti London wá sílé béèrè ìdí tí tirẹ̀ fi ń ní èbu eérú nígbà òtútù, tó sì jẹ́ pé kì í bu omi sí ewé. Fọ́ńgọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Botrytis nìyẹn, òtútù àti ọ̀rinrin ló fẹ́ràn. Tí a bá ti fèrèsé pa fún oṣù mẹ́rin, tí a ń sá aṣọ nínú ilé, omi á máa là lára gíláàsì, á sì máa là lára ewé tó sún mọ́ ọn. Ẹ sún òdòdó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì, ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ já ewé àti òdòdó tó ti rọ kúrò kíá, ẹ sì dín omi kù, torí ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀, òdòdó kò sì mu tó ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni ti ìkòkò tí òdòdó kú sínú rẹ̀, bóyá a lè tún un lò. Ìkòkò, bẹ́ẹ̀ ni. Iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀, rárá. Ẹ dà á nù jìnnà sí àwọn òdòdó yòókù. Ẹ fi ọṣẹ àti kànrìnkàn fọ ìkòkò náà títí ìdọ̀tí ara rẹ̀ fi kúrò, ẹ rì í sínú omi bíliìsì, ìdá kan sí mẹ́sàn-án omi, fún ìdajì wákàtí. Ẹ fi omi ṣàn án dáadáa, ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ, kí ẹ sì rí i pé ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò dí kí ẹ tó bu iyẹ̀pẹ̀ tuntun sí i.